Díẹ̀ ló kù kí gbájúẹ̀ kówó wa lọ, ọ̀gá wa wá ní ká ra sọ́fítíwià: níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ÀṣẹOwó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń wá ìmọ̀ràn àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí rí.

Ẹ̀ka treasury, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó owó ilé-iṣẹ́, ni mo wà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè mélòó kan. Àkáǹtì wa lé ní ọgọ́ta, báǹkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà. Báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní ojú-òpó tirẹ̀, tókìn tirẹ̀, àti bó ṣe ń fi sítéètímẹ́ǹtì ránṣẹ́. Láràárọ̀ ni ẹnì kan ń wọlé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń da iye tó wà nínú àkáǹtì kọ̀ọ̀kan kọ sínú Excel, kí ọ̀gá tó lè mọ iye tá a ní lọ́wọ́. Kó tó parí, ọ̀sán ti pọ́n.

Láìpẹ́ yìí ni ímeèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún wa. Ó ní àwọn ti pààrọ̀ báǹkì, ká máa san owó sí àkáǹtì tuntun. Orúkọ ẹni tá a mọ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ínfọ́ìsì tó so mọ́ ọn sì bá ọjà tá a rà mu régí. Wọ́n ti yí nọ́ńbà àkáǹtì náà padà nínú àkọsílẹ̀ wa kí ọmọbìnrin kan tó ń to ìsanwó tó kíyè sí i pé orílẹ̀-èdè tí báǹkì tuntun yẹn wà kì í ṣe ibi tí oníṣòwò náà ti ń ṣòwò. Ohun tó jẹ́ ká dá owó náà dúró nìyẹn.

Àwọn olùdarí ti wá gbaná jẹ. Wọ́n ní ká pe olùdámọ̀ràn, ká sì ra sọ́fítíwià ìṣàkóso owó, ìyẹn TMS, kíákíá. Mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n kí ló yẹ ká ti ṣe kí wọ́n tó dé? Kí la máa bi wọ́n? Ṣé TMS gan-an lè dá irú ímeèlì yẹn dúró?

Ìyá Ledger

Ẹ kú orí ire. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin yẹn, kí ẹ sì rí i pé ọ̀gá yín kí i lójú gbogbo èèyàn, torí àwọn mìíràn máa ń bínú sí ẹni tó bá dá owó dúró.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn: rárá. Nọ́ńbà tí ẹ bá fún TMS ló máa sanwó sí. Bí nọ́ńbà gbájúẹ̀ bá ti wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ ń sanwó fún, sọ́fítíwià olówó gọbọi yín máa san owó náà láìjanpata, á sì yára ju bí ẹ ṣe ń fọwọ́ ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Google àti Facebook láàárín 2013 sí 2015. Ọmọ Lituéníà kan lọ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Látfíà. Orúkọ tó fún un kò yàtọ̀ sí ti Quanta Computer, ilé-iṣẹ́ Táíwàn tó ń ta ẹ̀rọ fún àwọn méjèèjì. Ó ń fi ínfọ́ìsì ayédèrú ránṣẹ́, ó tún ń ṣe ìwé àdéhùn tó ní òǹtẹ̀ ayédèrú kí báǹkì má bàa fura. Owó tó gbà lé ní 120 mílíọ̀nù dọ́là kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ní 2019 ni ilé-ẹjọ́ kan ní New York sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Ṣé ẹnì kan máa wá sọ pé sọ́fítíwià ni Google ò ní?

Ibi tí mo ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí nọ́ńbà àkáǹtì ti ń wọlé. Ta ló ní àṣẹ láti yí i padà? Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹni tó ń gba ímeèlì àwọn oníṣòwò náà ló ń yí nọ́ńbà, òun náà ló tún ń to owó tí wọ́n máa san. Ẹ pín in. Ẹni tó gba ìbéèrè ò gbọdọ̀ lè fọwọ́ kan àkọsílẹ̀, ẹni tó yí àkọsílẹ̀ ò sì gbọdọ̀ lè sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn, kí sọ́fítíwià ìṣirò tí ẹ ti ní lọ́wọ́ báyìí máa tẹ gbogbo nọ́ńbà tó bá yí padà jáde lójoojúmọ́: ti àtijọ́, tuntun, ẹni tó yí i, àti aago tó yí i. Kí ìwé yẹn lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí kò sí nídìí ìsanwó rárá. Ẹ ò nílò olùdámọ̀ràn kankan fún ìyẹn, ẹ lè ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.

ỌmọEksẹ́lì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé “ẹ pe oníṣòwò náà kí ẹ fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni.” Nọ́ńbà fóònù wo la máa pè? Èyí tó wà nínú ímeèlì yẹn ńkọ́?

BánkàTẹ́lẹ̀

Àbúrò, ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lo fi ọwọ́ kàn yẹn. Mo wà ní ẹ̀ka ìsanwó báǹkì fún ìgbà pípẹ́, mo sì ti rí ilé-iṣẹ́ tó pè lóòótọ́ tí wọ́n ṣì kó owó rẹ̀ lọ, torí pé gbájúẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n pè.

Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àdéhùn ni kí ẹ pè, tàbí èyí tí ẹ ti ń pè látẹ̀yìn wá. Ẹ má pe èyí tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì. Bí ẹnì kan bá pè yín wọlé tó ní òun ni akáǹtáǹtì wọn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ wá fúnra yín pe nọ́ńbà tí ẹ ní.

Bí wọ́n bá gbé e, ọ̀nà tí ẹ fi béèrè ṣe pàtàkì. Ẹ má ka nọ́ńbà tuntun sí wọn létí pé “ṣé bó ṣe rí nìyí?” Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí máa dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” láìgbọ́ ọ tán. Ẹ sọ pé: “A gbọ́ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ àkáǹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ ká máa lò fún mi, kí ẹ sì sọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àkáǹtì àtijọ́.” Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ayédèrú, gbólóhùn tí ẹ máa gbọ́ ni “pípààrọ̀ wo?” Kí ẹni tó pè kọ orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà tó pè, àti àkókò. Kí ẹnì kejì buwọ́ lù ú kí nọ́ńbà tuntun tó ṣiṣẹ́.

Mo sì fẹ́ kí ÀṣẹOwó mọ ìdí tí ínfọ́ìsì yẹn fi bá ọjà mu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbájúẹ̀ ti wà nínú ímeèlì oníṣòwò yín fún ìgbà díẹ̀, tó ń ka ohun tí ẹ jọ ń sọ, tó ń dúró de ọjọ́ tí owó ńlá máa tó san. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè fèsì sí àdírẹ́sì tó tọ́ gan-an kó tún jẹ́ pé òun lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí fífi ímeèlì wádìí ímeèlì kò fi ní láárí.

OníKóòdù

Kí n fi kún ti ẹ̀gbọ́n: ó lè jẹ́ inú ímeèlì tiyín ni gbájúẹ̀ náà wà. ÀṣẹOwó, ẹ ní kí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín wo àpótí ímeèlì gbogbo ẹni tó wà nídìí ìsanwó, bóyá ẹnì kan ti ṣètò rẹ̀ kí lẹ́tà tó bá ní “invoice” tàbí “payment” nínú máa ṣẹ́ lọ sí àdírẹ́sì mìíràn láìjẹ́ pé ẹni tó ni í mọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe bí wọ́n bá ti wọlé nìyẹn. Kí wọ́n sì rí i pé SPF, DKIM àti DMARC, àwọn ètò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó ni àdírẹ́sì ló fi ímeèlì ránṣẹ́ lóòótọ́, wà lórí àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ yín, kí DMARC náà máa dá lẹ́tà ayédèrú padà, kó má kàn máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an wá nìyí. Ẹ sọ fún mi, báwo ni ìsanwó ṣe ń ti inú sọ́fítíwià ìṣirò yín dé báǹkì?

ÀṣẹOwó

Ẹ ṣeun. A máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde sínú fáìlì, ó máa bọ́ sínú fódà kan lórí sáfà wa. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ á wá gbé e sórí ojú-òpó báǹkì, ẹni méjì á fọwọ́ sí i níbẹ̀.

OníKóòdù

Mo ti mọ̀ pé ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí fún mi. Ẹ lọ sí fódà yẹn, ẹ fi Notepad ṣí fáìlì kan. Bó bá jẹ́ pain.001 ni, ìyẹn irú fáìlì tí wọ́n fi ń rán ìsanwó sí báǹkì, ẹ máa rí àwọn àmì kéékèèké tó yí ọ̀rọ̀ ká: orúkọ ẹni tí owó ń lọ bá wà láàárín méjì, IBAN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ní ìlànà àgbáyé, wà láàárín méjì mìíràn, iye owó náà wà lókè wọn. Ẹ pa nọ́ńbà IBAN kan rẹ́, ẹ kọ òmíràn, ẹ fi pamọ́, ẹ tì í. (Kí ẹ ṣe é lórí ẹ̀dà o, ẹ jọ̀wọ́!) Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá dórí ojú-òpó báǹkì, ohun tí àwọn tó ń fọwọ́ sí i máa rí ni àpapọ̀ owó àti iye ìsanwó tó wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì máa bá èyí tó wà nínú ìwé yín mu pátápátá. Ta ló ń ṣí ìsanwó igba lọ́kọ̀ọ̀kan láti yẹ nọ́ńbà wò?

IBAN ní nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi ń yẹ ara rẹ̀ wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìkọ nìyẹn ń mú. IBAN olè tó kọ tirẹ̀ dáadáa máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ lọ wo iye èèyàn tó lè wọ fódà yẹn. Mo ti rí ibi tí gbogbo ẹ̀ka ìṣirò owó ti lè wọ ọ́, àti àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àti agbaṣẹ́ṣe kan tó ti lọ tipẹ́. Kí èèyàn fi ilẹ̀kùn irin síwájú ilé kó wá ṣí fèrèsé ẹ̀yìn kalẹ̀ ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè nìyí, yálà ẹ ra TMS tàbí ẹ ò rà á: kí fáìlì ti inú sọ́fítíwià bọ́ sí báǹkì ní tààrà, láìdúró níbi tí èèyàn lè fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n buwọ́ ẹ̀rọ lù ú láti orísun, kó lè jẹ́ pé bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà, báǹkì máa kọ̀ ọ́. Ọ̀nà tó ń gbà dé ibẹ̀ lè jẹ́ SFTP (fífi fáìlì ránṣẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́) sí báǹkì kọ̀ọ̀kan, ó lè jẹ́ SWIFT, ètò tí àwọn báǹkì àgbáyé fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, ó lè jẹ́ EBICS, irú ètò bẹ́ẹ̀, bí báǹkì yín bá wà ní Jámánì tàbí Faransé, ó lè jẹ́ API, ìyẹn kí sọ́fítíwià méjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Fódà yẹn ni ìjà mi.

Ayẹ̀wéwò

Ọ́dítọ̀ ni mí, ẹ má bínú sí mi. Gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ ÀṣẹOwó tí mi ò fẹ́ ká gbójú fò: “ẹni méjì á fọwọ́ sí i.” Ibẹ̀ lọkàn àwọn olùdarí ti máa ń balẹ̀ jù.

Ní August 2020, Citibank fẹ́ san èlé bíi 7.8 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn tó yá Revlon, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣaralóge, lówó. Sọ́fítíwià tí wọ́n ń lò ní àpótí mẹ́ta lójú kan náà: “principal”, “front” àti “fund”. Kí owó orí gbèsè náà má bàa jáde kúrò ní báǹkì, ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń ṣe é fọwọ́ sí “principal” nìkan. Ẹnì kejì wò ó, ó ní ó dáa. Ẹnì kẹta, ọ̀gá, wò ó, òun náà ní ó dáa. Owó tó jáde lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 mílíọ̀nù dọ́là, owó báǹkì fúnra rẹ̀. Àwọn kan dá tiwọn padà, àwọn kan ní àwọn ò dá nǹkan kan padà, nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù. Adájọ́ kọ́kọ́ dá wọn láre ní 2021, àfi ìgbà tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà ní September 2022.

Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èèyàn mẹ́ta ló wò ó, ohun kan náà ni wọ́n wò, ojú kan náà ni wọ́n sì fi wò ó. Bí ẹ bá ní ẹni méjì tó ń fọwọ́ sí ìwé, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sílẹ̀, kí tẹni kejì má jọ tẹni kìíní. Kí ọ̀kan fi owó wé ínfọ́ìsì àti ọjà tó wọlé. Kí èkejì wo kìkì àwọn tí àkáǹtì wọn yí padà láìpẹ́, àwọn tí ẹ kò sanwó fún rí, àti àwọn tí owó wọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìyẹn ò ní ju díẹ̀ lọ lójúmọ́, á sì rí wọn wò dáadáa.

Olùdámọ̀ràn_Owó

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà iṣẹ́ mi díẹ̀, kí ẹ má bàa rò pé ajẹnirun ni gbogbo wa.

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Ledger sọ nípa nọ́ńbà àkáǹtì. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní àkáǹtì ọgọ́ta tó ń fọwọ́ kó iye owó jọ sínú Excel ní ìṣòro mìíràn: kò mọ ohun tó ní. Bí owó bá jáde lọ́nà àìtọ́ ní òwúrọ̀, ìgbà wo lẹ máa mọ̀? Lọ́la, nígbà tí ẹnì kan bá wọlé sí ojú-òpó báǹkì yẹn, bó bá rántí. TMS tó ń gba sítéètímẹ́ǹtì òpin ọjọ́, MT940 tàbí camt.053, láti gbogbo báǹkì, tó tún ń gba ti àárín ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní camt.052, lè fi í hàn yín ní wákàtí mélòó kan pé owó kan jáde tí kò sí nínú ètò. Ó tún máa mú kí òfin ìfọwọ́sí kan ṣoṣo wà fún gbogbo ẹ̀ka yín. Báyìí, ó dá mi lójú pé ẹ̀ka kan wà níbì kan tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń dá sanwó.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi àwọn olùdámọ̀ràn: Ṣé àwọn tó ń ta sọ́fítíwià ń fún yín ní nǹkan bí a bá ra tiwọn? Kí wọ́n dáhùn rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn wo gan-an ló máa wá ṣiṣẹ́ náà? Àgbà ló máa ń wá bá yín sọ̀rọ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ló máa ń wá ṣe é. Ẹ gba orúkọ wọn sínú àdéhùn. Báǹkì mélòó lára tiwa lẹ ti so mọ́ sọ́fítíwià yìí rí? Síso báǹkì kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn ló máa ń jẹ àkókò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, oṣù ló sì ń gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ máa parí kíákíá ò tíì so báǹkì kankan rí.

Ohun kan tó tún kù: ẹ tún àdírẹ́sì àwọn oníṣòwò yín ṣe láti ìsinsìnyí. Ìlànà ISO 20022, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ ìsanwó sínú iṣẹ́ tí báǹkì ń rán sí ara wọn, ti gbapò ìlànà MT àtijọ́ láàárín àwọn báǹkì lórí SWIFT fún ìsanwó tó ń lọ sókè òkun láti November 2025, SWIFT sì ti kéde pé láti November 2026, àdírẹ́sì tí wọ́n kàn dà sójú kan ò ní kọjá mọ́. Ó kéré tán, ìlú àti orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà ní àyè tiwọn. Iṣẹ́ tó ń súni gbáà ni, kò sì sí sọ́fítíwià tó máa bá yín ṣe é tán.

Ìyá Ledger

Olùdámọ̀ràn, mo gbà fún yín lórí ti mímọ ohun tá a ní. Lórí ti “ajẹnirun” ni mo ṣì ń rò ó. 😄

ÀṣẹOwó

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀ka kan wà lóòótọ́ tí ẹnì kan ti ń dá sanwó. Mi ò mọ bẹ́ ẹ ṣe mọ̀.

Ìbéèrè kan tún wà: ọ̀gá mi ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù jù ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ohùn àti ojú èèyàn. Bí wọ́n bá pe akáǹtáǹtì wa pẹ̀lú ohùn rẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ledger

Ó yẹ kó bà á lẹ́rù. Ní 2024, òṣìṣẹ́ kan ní Arup, ilé-iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà, ní Hong Kong gba ímeèlì tó ní ọ̀gá àgbà ètò ìnáwó tó wà ní ìlú ọba ló kọ ọ́. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ fura. Wọ́n wá pè é sí ìpàdé orí fídíò. Ó rí ojú àwọn tó mọ̀, ó gbọ́ ohùn wọn, gbogbo wọn pátá ni ẹ̀rọ ṣe. Ó san owó lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, ó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là Hong Kong, bíi 25 mílíọ̀nù ti Amẹ́ríkà.

Kò pọn dandan kí ó jẹ́ fídíò pàápàá. Ní 2016, ímeèlì lásán ni wọ́n fi kó bíi 40 mílíọ̀nù yúrò lọ́wọ́ Leoni, ilé-iṣẹ́ wáyà ní Jámánì. Lọ́dún kan náà ni FACC, tó ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú ní Ọ́sírìà, kéde pé nǹkan bíi 50 mílíọ̀nù yúrò ti lọ nípasẹ̀ ẹni tó fara wé ọ̀gá pátápátá. Wọ́n lé ọ̀gá náà kúrò níṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Tí ẹ bá fojú sí i, ohun tí gbogbo wọn lò ni pé ọmọ iṣẹ́ kì í lè sọ fún ọ̀gá pé “ẹ dúró ná.” Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀: kí òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí gbogbo òṣìṣẹ́ ìsanwó pé òun ò ní fi ímeèlì, fóònù, WhatsApp tàbí fídíò ní kí ẹnikẹ́ni sanwó láé. Pé bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ̀, kò sì sí ohun tó máa ṣe ẹni tó bá kọ̀. Kí ó buwọ́ lù ú. Kí ọ̀gá kan fi òfin yìí dè ara rẹ̀ nira o, mo ti rí èyí tó kọ̀ ọ́ gbọnrangandan torí pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yára ṣe nǹkan fún òun. Irú ilé-iṣẹ́ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ fún un.

ỌmọEksẹ́lì

Ṣé báǹkì ò ní rí i pé orúkọ ò bá àkáǹtì mu ni?

BánkàTẹ́lẹ̀

Ohun tó máa ń ya àwọn oníbàárà lẹ́nu jù nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nọ́ńbà nìkan ni báǹkì fi ń san owó, orúkọ kàn wà níbẹ̀ ni. Ó ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn báǹkì ńláńlá ní ìlú ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ wé nọ́ńbà ní 2020. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná yúrò, ó di dandan fún báǹkì láti 9 October 2025: wọ́n á sọ fún yín bóyá orúkọ bá a mu, bóyá ó fẹ́ jọ ọ́, tàbí kò jọ ọ́ rárá.

Àmọ́ ẹ fiyè sí i: òfin yẹn gba ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìsanwó púpọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láyè láti ní àwọn ò fẹ́ àyẹ̀wò náà. Ọ̀pọ̀ ló máa kọ̀ ọ́ torí pé ó ń dá fáìlì dúró. Ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ yẹ orúkọ wò nígbà tí nọ́ńbà bá fẹ́ wọ inú àkọsílẹ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ ìsanwó nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń sáré.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ tí owó ti lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ẹ pe ẹ̀ka jìbìtì báǹkì yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fún wọn ní UETR ìsanwó náà. Òun ni nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé owó kan láti báǹkì dé báǹkì lórí SWIFT. Ẹ ní kí wọ́n fi ìbéèrè ìfagilé ránṣẹ́, camt.056 ni wọ́n ń pè é, kí wọ́n sì tún pe báǹkì tí owó dé lórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan Amẹ́ríkà, ẹ fi sùn lórí ojú-òpó IC3 ti FBI lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ní ètò tí wọ́n fi ń bá èèyàn dá owó tó ti lọ sókè òkun dúró, àmọ́ láàárín wákàtí 72 ló máa ń wúlò jù. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ti gba àkáǹtì mẹ́ta mẹ́rin kọjá.

Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ka jìbìtì báǹkì kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, ìwé gidi tí ẹ tẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá ti wọ kọ̀ǹpútà yín, ẹ lè máà rí èyí tó wà nínú rẹ̀.

Ayẹ̀wéwò

Kí ẹ sì máa ṣọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn tó wọ báǹkì àpapọ̀ Bangladẹ́ṣì ní February 2016 mọ kàlẹ́ńdà ju àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Alẹ́ Thursday ni wọ́n fi àṣẹ ìsanwó 35 ránṣẹ́ sí Federal Reserve New York, níbi tí owó Bangladẹ́ṣì wà ní Amẹ́ríkà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù dọ́là kan. Friday àti Saturday ni òpin ọ̀sẹ̀ ní Bangladẹ́ṣì. Nígbà tí wọ́n máa fi padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Sunday, New York ti sinmi. Nígbà tó máa di Monday, ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà ni ní Filipínì tí owó náà lọ. Wọ́n sì ti ba ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó máa ń tẹ ìsanwó jáde jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. 81 mílíọ̀nù dọ́là ló wọ Filipínì. 20 mílíọ̀nù mìíràn tó ń lọ Sri Lanka ni wọ́n rí gbà padà, torí pé àwọn olè ṣi “foundation” kọ, báǹkì tó wà láàárín sì béèrè ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí ohun tó máa ń jáde lára ẹ̀rọ yín láràárọ̀ ò bá jáde, ìyẹn gan-an ni ìròyìn. Kí ẹnì kan ní iṣẹ́ láti béèrè ìdí.

Olùdámọ̀ràn_Owó

Òótọ́ ni. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe jìbìtì nìkan ló ń mú owó lọ. Nígbà tí Silicon Valley Bank wó ní Amẹ́ríkà ní 10 March 2023, Roku, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n, sọ pé nǹkan bíi 487 mílíọ̀nù dọ́là òun wà níbẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀. Iye tí FDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì níbẹ̀, ń dáàbò bò lábẹ́ òfin fún oníbàárà kan ní báǹkì kan ni 250,000 dọ́là. Ìjọba padà dáàbò bo gbogbo owó náà, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣe ètò. Kí ẹ kọ iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè fi sí báǹkì kan ṣoṣo sínú òfin ilé-iṣẹ́.

ÀṣẹOwó

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde fún ọ̀gá mi. OníKóòdù, mo wo fódà yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Wọ́n ti ń tì í báyìí.

Kí ni ohun tó kù kí àwọn olùdámọ̀ràn tó dé?

Ayẹ̀wéwò

Ẹ kọ lẹ́tà sí báǹkì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi àkójọ gbogbo àkáǹtì tó wà ní orúkọ yín ránṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé àti gbogbo ẹni tó ní tókìn. Ẹ má fi ti inú fáìlì yín ṣe é, ti báǹkì ni kí ẹ gbà. Ẹ máa rí àkáǹtì tí ẹ ti gbàgbé, ẹ sì máa rí orúkọ èèyàn tó ti lọ.

ÀṣẹOwó

Mo ti kọ sí àwọn kan lára wọn láàárọ̀ yìí. Báǹkì kan ti dáhùn. Ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́tipẹ́ ṣì lè dá buwọ́ lu ìsanwó níbẹ̀, láìsí ẹnì kejì.

Ayẹ̀wéwò

Ẹ yọ ọ́ lónìí. Kì í ṣe kí ẹ kàn gba tókìn lọ́wọ́ rẹ̀ o, ìwé tí ìgbìmọ̀ olùdarí buwọ́ lù ló ń yọ orúkọ èèyàn kúrò lọ́dọ̀ báǹkì. Kí ẹ sì gba èsì báǹkì pé wọ́n ti yọ ọ́, kí ẹ tó pa fáìlì náà dé.